Ìgò Tí Bàbá Mi Fọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, bàbá mi fọ́ ìgò kan mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlọ́bù. Ọjọ́ Ajé ni, láàárín ọyẹ́. Oòrùn ti yọ ṣùgbọ́n kò mú. Kùrukùru bo gbogbo àdúgbò, ètè gbogbo wa sì ti là. A kò ní aago nílé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé ti wọ kíláàsì, àwọn tí ń lọ sí oko kò sì tíì jìnnà, nítorí náà mo kà á sí nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ wákàtí náà nítorí pé láti ibẹ̀ ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi rò pé ìtìjú ilé wa ni òun fi òpin sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ti rí. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni n ó sọ pé mo rí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn tí mo dàgbà, n ó sọ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ náà títí di òní, n kò sì fẹ́ kí ìbínú mú mi purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Òun ni ìyàwó kejì bàbá mi, nítorí náà "Ìyàwó Ìfọ́n" ni gbogbo agbo ilé ń pè é. Irun ni ó ń dì. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú irun rẹ̀ sì máa ń gún régé. Àwọn obìnrin a máa wá láti Ẹ̀rìn kí ó lè bá wọn di irun ọdún. Lẹ́yìn tí ó bí àbúrò mi ni ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí kò lè jókòó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan wá láti Ìfọ́n pẹ̀lú egbò igi, ó ní kí a rẹ ẹ́ sínú ọtí, kí ìyá mi máa mu ife kékeré kan ní àràárọ̀.

Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa. Bàbá mi kì í pa ìrun jẹ, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ gbé ẹmu gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Síbẹ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó lọ wá ọtí tí a fi rẹ egbò náà. Ògógóró ni, èyí tí wọ́n ń sè ní ìkọ̀kọ̀ nínú oko nítorí pé ìjọba ti fi òfin dè é. Ó fi aṣọ wé ìgò náà wọlé. Nítorí pé egbò wà nínú rẹ̀, oògùn ni, ọ̀rọ̀ sì parí. Nígbà tí ó tán, ó ra òmíràn, ó dà á sórí egbò kan náà. Èmi ni mo máa ń wọ̀n ọ́n fún ìyá mi kí n tó lọ pọn omi.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ìbàdí náà san. Oògùn kò dúró. Ife kan di méjì, àárọ̀ àti alẹ́. Nígbà tí ó yá, n kò mọ iye rẹ̀ mọ́, nítorí pé ó ti ń wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó nínú òtútù, oúnjẹ kò ní wù ú. Bí ó bá ti mu ife àkọ́kọ́, ọwọ́ náà á rọlẹ̀. Gbogbo ilé ń wo èyí, wọ́n sì ń dúpẹ́. "Ẹ ò rí i bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n ń wí. Àwọn àgbàlagbà bí mẹ́wàá wà nínú agbo ilé náà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó béèrè ohun tí ó ń mú ara gbọ̀n kí oògùn tó dé. Ẹ̀yin náà ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ rò ó.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ó máa ń sọ̀rọ̀ sí i ni ìyáálé ìyá mi, àwàdà ni ó sì ń fi í ṣe. Obìnrin ẹlẹ́nu mímú ni. Bí ó bá rí mi pẹ̀lú ife, á ní: "Ìbàdí ń dun èmi náà o, ọmọ yìí. Àbí ti àwa arúgbó kì í ṣe ìbàdí ni?" Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi sún mọ́ ọdún méjì, irun tí ìyá mi ń dì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, obìnrin aláta gbígbẹ kan láti Ẹ̀rìn, aláwàdà ènìyàn, fi ọwọ́ tọ ojú irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún un. Ó ní: "Ìyàwó Ìfọ́n, ṣé ọ̀nà oko lo là sí mi lórí ni? O mú mi rìn dé Ìfọ́n, o tún mú mi yípo padà." Àwọn tí wọ́n jókòó rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ibi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín ni èémí rẹ̀ ti kan obìnrin náà lójú. Ó wò ó, ó ní: "Áà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kì í mu ún. Níbo lo ti rí i, kí n lọ mu tèmi?"

Ó sọ ọ́ sókè. Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí. Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi wọ yàrá ìyá mi, ó mú ìgò náà kúrò lẹ́yìn àpótí tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí, ó sì lọ fọ́ ọ mọ́ ògiri. Ó ní: "Láti òní lọ, ẹni tó bá tún mu ún nílé yìí, kó di ẹrù rẹ̀." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò rí ìgò náà rí. Ìyá mi ń wo omi tí ó ń ṣàn lára ògiri.

Ní ọjọ́ Ajé náà, ara rẹ̀ gbọ̀n títí di alẹ́, ó bì, kò lè jẹun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń gbá kòkòrò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí kúrò lára àbúrò mi, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun pa wọ́n. Mo ń pa wọ́n. Ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ ẹní, gbogbo ara rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ìfófòó sì ń jáde ní ẹnu rẹ̀.

Wọ́n ní wárápá ni. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kì í súnmọ́ ẹni tí wárápá bá gbé ṣánlẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé itọ́ rẹ̀ a máa ran ènìyàn. Gbogbo wọn sá jáde. Bàbá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, kò lọ. Ìyáálé ìyá mi ni ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó wọlé, tí ó yí ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́, tí ó sì fi ìborùn ara rẹ̀ nù ún lẹ́nu. Ó ní: "Ẹ máa wò ó. Bó bá ràn mí, ẹ ó rí méjì wò."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìfọ́n. Àwọn ẹbí ìyá mi dé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tiwa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ti Ìfọ́n sọ pé Ìlọ́bù ni wọ́n ti sa oògùn burúkú sí ọmọ àwọn. Àwọn tiwa béèrè pé egbò ta ni ó ń mu, ṣé kì í ṣe egbò Ìfọ́n? Àwọn yẹn ní egbò àwọn kò ṣe é ní nǹkan kan fún ọdún méjì, ọjọ́ tí wọ́n fọ́ oògùn ni àìsàn dé. Ẹ wò ó dáadáa: ìdajì òtítọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ gba ẹ̀bi ti ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí ìyá mi, tí ó di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko tí ìlú méjèèjì ti ń jà sí tipẹ́. Wọ́n ń pe orúkọ odò, wọ́n ń pe orúkọ igi tí ó jẹ́ ààlà, nígbà tí obìnrin kan ń kú lọ nínú yàrá tí kò jìnnà sí wọn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. N kò lè rántí ìjókòó náà kí ọkàn mi má gbóná.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àìsàn náà tún gbé e ṣánlẹ̀. Ìyáálé ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó jáde lọ sí ojú títì, ó sì bá awakọ̀ kan tí ó ń kó iṣu lọ sí Òṣogbo sọ ọ́ títí ó fi gbà. Ó ní kí n pọn àbúrò mi tẹ̀lé òun, nítorí ó ṣì ń mu ọmú. Nígbà tí wọ́n ti gbé ìyá mi sórí iṣu, bàbá mi náà gun ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan, àgbàlagbà obìnrin, wo ojú ìyá mi àti ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí bàbá mi.

"Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Kí ni ìyàwó yín máa ń mu?"

"Mùsùlùmí ni wá," ni bàbá mi dáhùn.

"Mi ò bi yín léèrè ẹ̀sìn yín, sà. Kí ló ń mu?"

"Omi. Ẹ̀kọ."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí."

Nọ́ọ̀sì náà ní àìsàn tí ó jọ èyí pọ̀, ìtọ́jú wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Bí a kò bá sọ òtítọ́ fún dókítà, ó lè ṣi oògùn fún un. Bàbá mi dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, èmi tí ọwọ́ mi wọn ọtí náà. Ẹ má rò pé mo yọ ara mi kúrò nínú ìbínú yìí.

Ìyáálé ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì náà. Ó ní: "Ọtí ni, mà. Ògógóró. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ó ti tó ọdún méjì. Baálé wa yìí ló ń rà á, òun náà ló fọ́ ọ lọ́jọ́ Ajé. Láti ọjọ́ Ajé kò tíì fẹnu kan ẹ̀kán kan."

Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo. Ó pe dókítà, wọ́n sì gbé ìyá mi wọlé kíákíá. Bàbá mi kọ ojú sí ìyáálé ní ìta, ó ní: "O dójú tì mí." Ìyáálé dá a lóhùn pé: "Ẹ bá mi gbé e padà sílé nígbà náà, kó lọ kú, kójú má baà tì yín."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá mi lò níbẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ó mú un sùn, wọ́n sì tún fún un ní èyí tí ó dá okun padà sí i lára. Ohun tí nọ́ọ̀sì náà ṣàlàyé fún ìyáálé rẹ̀, ìyáálé náà ni ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ọ̀sì náà ní ara ẹni tí ó bá ti ń mu ọtí pẹ́ a máa gbára lé e débi pé, bí a bá já a gbà lójijì, ara náà lè pa ẹni tí ó ni ín. Ó ní ìgbọ̀nrìrì àárọ̀ kì í ṣe àìsàn tí ọtí ń wò, ọtí gan-an ni ó ń fà á. Ó ní kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ó ní kí ìyá mi má fẹnu kan ọtí mọ́, ìbáà jẹ́ inú oògùn, àti pé bí ó bá ṣubú padà sínú rẹ̀, kí ó padà wá, kí ó má fi pamọ́.

Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fún un ní egbò mìíràn tí a rẹ sínú ọtí níbi ìsìnkú kan ní Ìfọ́n, ó sì mu ún fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ kan ilẹ̀kùn ìyáálé rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ padà lọ sí Òṣogbo.

Ayé ti yí padà. Ilé ìwòsàn ti pọ̀, títì ti dán, àwọn tí ó mọ ìwé sì wà ní gbogbo ilé. Èmi náà ti kọ́ ọ ní kíláàsì alẹ́ lẹ́yìn tí mo ti bímọ. Ṣùgbọ́n mo ń kọjá ní ibùdókọ̀, mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń mu paraga, ọtí tí a rẹ egbò sí, kí oòrùn tó yọ, wọ́n ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo ń rí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gbé oògùn ikọ́ mu bí omi, tí ó ní àwọn ọ̀tá ni wọ́n wà nídìí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ti àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní ilé àdúrà. Ní ìgbà tiwa, a kò mọ̀. Kí ni ẹ̀yin ó sọ pé ó ṣe yín? Ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, kí ẹ má já ọtí tàbí oògùn náà gbà lọ́wọ́ wọn nílé, bí ẹ bá sì dé ibẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n ń mu.

Bàbá mi kò bá ìyáálé ìyá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Láti ìgbà tí a ti dé láti Òṣogbo, ìyá mi àti ìyáálé rẹ̀ kò dá ààrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.