Ilẹ̀kùn tí Mo Kọ́ sí Ṣubéíkà

Èmi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo wá ṣe ní Jẹ́dà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún méjì. Ilé mi wà ní Bagidádíyà, lórí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, kò sì sí ohun tí mo kórìíra tó kí èèyàn máa bẹ̀ mí.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣubéíkà, ní Mẹ́kà, ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Àwọn tó ń tún yàrá ṣe níbẹ̀ ní ìkànnì kan lórí fóònù wọn. Láràárọ̀, wọ́n á fi nọ́ńbà iṣẹ́ àti páásìwọ́ọ̀dù wọlé kí wọ́n lè mọ yàrá tó kàn wọ́n. Irinṣẹ́ tí a fi kọ́ ìkànnì náà ti gbé ilẹ̀kùn tirẹ̀, ìyẹn ojú ìwé tí a ń gbà wọlé, wá láti ilé, nǹkan méjì yẹn nìkan ló sì máa ń bèèrè. Mùdíìrì, ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì, ní kò tó. Ó fẹ́ kí ilẹ̀kùn náà máa yẹ ìkámà wò, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Ẹni tí ìkámà rẹ̀ bá ti kú kò gbọdọ̀ rí yàrá kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó rí, pé kó wá bá òun ní ọ́fíìsì ìsàlẹ̀. Kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́ fún mi. Bí wọ́n bá ti wọ ọ́fíìsì náà, òun á tilẹ̀kùn mọ́ wọn, òun á pe ọlọ́pàá. Ó ní, "Bí a bá ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n á sá. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gba ohun tí fóònù bá sọ gbọ́."

Mo ní iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ó sì rọrùn lóòótọ́. Mo yọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kúrò, mo kọ tèmi síbẹ̀, ọ̀sán kan péré ni mo fi parí ẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sí èdè Lárúbáwá, Hausa àti Yorùbá, kí mùdíìrì lè rí i pé ọwọ́ mi yá. Ti Yorùbá ni mo fi ọ̀wọ̀ sí jù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ rí mùdíìrì."

Níbi tí mo ti ń dán an wò ní hòtẹ́ẹ̀lì ni Àlàájà kan ti gbọ́ tí mò ń bá ìyàwó mi sọ Yorùbá lórí fóònù. Ó gbé bákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀, ó kí mi, ó bi mí nípa ilé. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó wá ṣe úmúrà nígbà kan, kò sì padà mọ́. Wọ́n ṣe ìkámà fún un, ìkámà náà kú, ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Báhírà, lójú ọ̀nà Jẹ́dà, ló ń gbé, láti ibẹ̀ ló sì ti ń gbé móínmóín wá fún mi. Mò ń jẹ ẹ́, n kì í sì í bi í bóyá òun náà ti jẹun.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹnjiníà, ọmọ mi, wọ́n ní ilẹ̀kùn tuntun ń bọ̀ lórí fóònù wa. Ṣé yóò dá mi mọ̀?"

Mo ní, "Àlàájà, kò ní gbà yín wọlé mà."

"Mi ò nílé tí mo lè padà sí o."

Bóyá móínmóín ló ń ṣe mí. Mo kọ ìlà kan sínú iṣẹ́ náà: bí nọ́ńbà bá jẹ́ tirẹ̀, kó kọjá. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ n kò sọ ohun tó ń dúró deni ní ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ fún un. Mo rò pé kò kàn án mọ́.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àlàájà kò fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà. Lọ́jọ́ kejì, níbi tí èmi àti mùdíìrì jókòó sí, ó wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ kú oore àná. Àwọn èèyàn mi nìyí, wọ́n ní kí n bá wọn dúpẹ́. Ẹ ṣí i fún àwọn náà."

Mùdíìrì kò gbọ́ Yorùbá. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń wí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó buwọ́ lu àdéhùn mi tuntun. Mo dá a lóhùn ní Lárúbáwá pé n kò mọ̀ wọ́n rí, pé sàárà ni wọ́n ń tọrọ. Àlàájà gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ nílùú, Lárúbáwá ti yé e. Ó wò mí, ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ó rò pé mò ń dáàbò bo òun ni. Mùdíìrì lé wọn jáde.

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí, ẹ̀rù náà ló pọ̀ jù. Kí tíì mi tó tutù, mo ti pa ìlà yẹn rẹ́. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. N kò pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà ní Jẹ́dà, mò ń wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé. Nọ́ńbà rẹ̀ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kàn án. Ìgbà márùn-ún ló kàn án, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Mùdíìrì buwọ́ lu àdéhùn mi. Wọ́n ti dá Àlàájà padà sí Nàìjíríà kí n tó tún dé Ṣubéíkà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì yẹn rí mi ní ẹnu ọ̀nà, kò kí mi.

Ó ní, "A sọ fún un pé kó má sọ̀kalẹ̀ lọ bá mùdíìrì. A ní kó jẹ́ ká gba ẹ̀yìn sá. Ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù rẹ̀ fún wa sókè. Ó ní Yorùbá ni, pé ẹ ò rí i bó ṣe ń bẹ òun, Ẹnjiníà ọmọ òun ló kọ ọ́."