Ewé Abẹ́ Bíbélì Auntie

Lọ́dún tí wọ́n ń kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ Auntie, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni mo ń gbé ní Thamesmead ní London. Mo ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárọ̀, mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Woolwich lọ́sàn-án. Ara mi kì í balẹ̀ rárá nígbà náà. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n; bí mo bá dìde, n ó rìn dé ojú fèrèsé, n ó tún padà. Auntie ní n ó lu kápẹ́ẹ̀tì òun já.

Àwa mẹ́fà la fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹni méjì péré ni wọ́n sì máa rán lọ sí Kánádà, sí igbó olómi kan tó jìnnà sí òkun, níbi tí igi kédárì àti igi hẹ́mlọ́ọ̀kì ti jọ ń hù. Igi ńlá nìkan kọ́ ni wọ́n ní ká mọ̀. Ohun tó ń hù lábẹ́ wọn ló ń sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́: ibi tí ewé ẹlẹ́gùn-ún fífẹ̀ kan bá pọ̀ sí, omi ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Èmi tí mi ò rí ju koríko irà Crossness tó wà nítòsí ilé wa lọ!

Olùkọ́ wa yá wa ní ewé igi igbó náà mélòó kan mú lọ sílé. Tèmi ti ń ká kò, mo sì fẹ́ kó nà. Ohun tó wúwo jù nílé ni Bíbélì Auntie, ni mo bá kì wọ́n sábẹ́ rẹ̀.

Mo gbàgbé pé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni Auntie ń lọ. Lójú tiwọn, ohun tí èèyàn bá fi sábẹ́ Bíbélì, àdúrà ló fẹ́ kí wọ́n gbà sí i. Ìdánwò ku ọ̀la, mo wọlé, mo bá bọ́kẹ́ẹ̀tì ní balùwẹ̀, àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ewé mi nínú omi gbígbóná.

"Auntie! Kí lẹ ṣe yìí? School ló ni wọ́n o!"

"Ṣebí ìwọ lo fi wọ́n sábẹ́ Bíbélì? Mo ti gbàdúrà sí i. Oya, lọ wẹ̀. O ti pass exam yẹn."

Inú bí mi. Mo ní wọ́n ti ba ayé mi jẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí àgbà. Auntie kàn gbé táwẹ̀lì lé mi lọ́wọ́. Ojú tì mí, mo lọ wẹ̀. Omi náà ń ta sánsán bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo ṣa ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fọwọ́ ra wọ́n, mo ń gbé wọn sí imú. Kédárì ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé pàǹtí ilẹ̀ igbó síwájú wa nínú àwo, gbogbo rẹ̀ ti rún wómúwómú. Àwọn yòókù tẹjú mọ́ ọn. Èmi fọwọ́ ra á, mo gbóòórùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Nígbà tí mo dá ewé padà, olùkọ́ bi mí bóyá inú odò Thames ni mo já sí.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà dé pé wọ́n mú mi. Auntie kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, wọ́n kọrin títí ohùn wọn fi há. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni n ó padà.

"Ọdún mẹ́ta, Auntie."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Látìgbà tí ọkọ wọn ti kú, èmi nìkan ni wọ́n ń bá jẹun nínú fúláàtì yẹn.

"Ọdún mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Mo rò pé exam nìkan ni mo ń gbàdúrà fún."

Èmi tí n kì í lè jókòó pẹ́, mi ò lè dìde lórí àga lọ́jọ́ náà.