Ẹnìkan Gbọ́dọ̀ Ṣẹ́kù

Ní Ìsàn-Èkìtì, ẹ ò lè rí gbogbo ọmọ Ìyá Àìná nínú ọkọ̀ kan náà. Láti kékeré wọn ni. Bí wọ́n bá ń lọ sí Ìkọ̀lé, méjì á gun ọ̀kadà, méjì á wọ takisí, àwọn kan kò sì gbọdọ̀ gbéra kí àwọn kan tó dé. Àwọn awakọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ràṣídì tó ni Sienna aláwọ̀ eérú máa ń sọ pé, "Ìyá Àìná, ó kù kẹ́ ẹ ní kí n la mọ́tò yìí sí méjì."

Ìyá Àìná á kàn máa pín wọn sọ́kọ̀ lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Dúródọlá, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ àti àbúrò ọkọ rẹ̀ jọ wọ bọ́ọ̀sì kan lọ síbi ìsìnkú. Wọn ò dé ibẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni kò jẹ́ kí òun náà lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn àgbà ilé. Òun ló gba òkú, òun ló ro oko kòkó tí wọ́n fi sílẹ̀, òun ló dá tọ́ àwọn ọmọ. Ìgbà náà ló ṣòfin pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Òfin náà le débi pé láti ìgbà tí wọ́n ti tú ká, Àìná sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yòókù sí Èkó, kò sí òru kan tí gbogbo wọn jọ sùn nílé.

Lọ́dún yìí, wọ́n kọ́lé tuntun fún un, wọ́n sì fẹ́ wá ṣí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ò jẹ́ kí ọ̀nà ṣeé rìn. Joshua, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ló bá ní òun á háyà ọkọ̀ òfuurufú.

"Tèrò kọ́, Màmá," ó ṣàlàyé lórí fóònù. "Ìjókòó mẹ́jọ ló ní. Kò tóbi, kò sì kéré, èèyàn lè nàró nínú rẹ̀. Àwa la ni ín lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó bá wù wá la máa gbéra."

"Ta ní máa wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo wa ò ní jọ wà nínú ẹ̀."

Ó fọkàn balẹ̀ lóòótọ́, títí di ọ̀sán ọjọ́ náà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Adó. Òun àti Ràṣídì ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ nígbà tí fọ́tò kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Àìná, Wùnmí àti Dúródọlá, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúró lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ funfun kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohùn Dúródọlá tẹ̀ lé e: "Màmá, ọyẹ́ ló dá wa dúró láti àárọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Gbogbo wa là ń bọ̀ o. Ẹ wo fọ́tò tí Joshua yà wá."

Ìyá Àìná tún fọ́tò náà wò. Bí Joshua bá ń ya fọ́tò, a jẹ́ pé òun náà wà níbẹ̀. Ó pe Àìná, kò lọ. Ó pe Joshua, kò lọ.

"Ràṣídì, wọ́n ti kó ara wọn jọ fún ukú."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

Ọyẹ́ bo gbogbo ayé, èèyàn ò rí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó yá, ìró kan gba orí wọn kọjá, ó padà, ó tún kọjá. Òṣìṣẹ́ pápá kan ní, "Ọkọ̀ yín nìyẹn. Awakọ̀ ò ríran rílẹ̀ ni, ó ń yí ká." Bí ẹni ń sọ pé ẹ̀wà ò tíì jinná ló ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìró náà lọ pátápátá, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́.

Irú ìdákẹ́ yìí náà ló kọ́kọ́ wà lọ́jọ́ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ba Ìyá Àìná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé bí kò bá tiẹ̀ lè jẹ́ gbogbo wọn, kí Ó ṣẹ́ ọ̀kan kù fún òun. Ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ ló ti bá ara rẹ̀ tó ń ṣa èwo ni kó jẹ́. Ìyẹn dẹ́rù bà á ju ọkọ̀ lọ, ó sì fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ọwọ́ kan bà á léjìká. Joshua ni, eruku bo irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀.

"O ò sí nínú ẹ̀?"

"Mo ti sọ fún yín, Màmá. Mo yà wọ́n ní fọ́tò láàárọ̀ kí ọyẹ́ tó dá wọn dúró, mo sì lọ wọ mọ́tò. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́nà Ẹ̀fọ̀n."

"Ọ̀nà tí ajínigbé wà?"

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Mo ní kó jẹ́ èmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò yín, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ ò dùn. Ojú tí Joshua ń fi wo òfuurufú, ojú tòun ni, lọ́dún bọ́ọ̀sì náà. Ààbò ni ó pe òfin yẹn láti ọjọ́ yìí wá, àṣé ìyà tó jẹ òun ló ń tọ́jú de ọ̀kan nínú wọn. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sunkún.

Wọn ò tíì tú ara wọn sílẹ̀ nígbà tí ìró náà tún dé. Ọkọ̀ funfun náà já jáde nínú ọyẹ́, ó balẹ̀. Wùnmí ń sunkún bọ̀, Àìná ti bì sára aṣọ, Dúródọlá di apá rẹ̀ mú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kà wọ́n sókè, ó sì tún wọn kà.

Ràṣídì mọ àṣà wọn. "Màmá, àwọn wo ni kí n gbé? Mo ti bá takisí kejì sọ̀rọ̀."

Joshua ti ń lọ síbi takisí náà.

"Níbo lò ń lọ?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbogbo yín, ẹ wọ ti Ràṣídì. Ulé kan náà là ń lọ."

"Òfin yín ńkọ́, Màmá?"

"Kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́kù lónìí."

Iwájú lòun jókòó sí. Láti Adó dé Ìsàn, ó di ilẹ̀kùn mú. Gbogbo kòtò tí Ràṣídì bá kó sí ló ń bojú wẹ̀yìn. Wọ́n fún ara wọn pọ̀ síbẹ̀, Joshua wà láàárín, ó ti sùn.