O Tí Kò Lámì

Tíṣà èdè Yorùbá ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, bí ìwé ìkésíni ìgbéyàwó bá délé wa, á kọ́kọ́ fi bírò fi àmì ohùn sí i kó tó wo ọjọ́ ìgbéyàwó. Irú ilé tí ìjọba wá kọ ọ̀rọ̀ aláìlámì sí nìyẹn o!

Kànga wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi bẹntiróòlù. Ilé epo kan wà nítòsí wa ní Òmù-Àrán, gbogbo àdúgbò ló sì gbà pé ibẹ̀ ni epo ti ń jò wọnú kànga. Bàbá mi olóògbé ló gbẹ́ kànga náà, ìyá mi kò sì gbà pé tíì lè dùn nínú omi mìíràn. Látìgbà tí òórùn náà ti bẹ̀rẹ̀, omi ẹ̀rọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì là ń pọn. Orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, orúnkún ìyá mi kò sì fẹ́ràn òkè rárá. Ohun tó ń wá kò ju pé kí ẹnì kan sọ fún un bóyá kó padà sídìí kànga ọkọ rẹ̀ tàbí kó gbàgbé rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká wá láti Ìlọrin, wọ́n bu omi sínú ìgò, wọ́n lọ. Nígbà tó yá, a ti oko dé lọ́jọ́ Sátidé kan, a bá ọ̀dà pupa lára kànga: OMI YI O DARA.

Mo fò sókè. "Màámi, ó dára!"

Ìyá mi wọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ? 'Ò dára' ni wọ́n kọ. Kí ló dé tí 'yìí' gan-an kò ní 'i' tó?"

Télọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa na ọrùn lórí ògiri. "Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀ ọ́n kà," ó ní. "Ó máa dára ni wọ́n ń wí. 'Omi yìí ó dára.' Ṣé ẹ ò mọ ìjọba ni? Ìlérí ni!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Kó tó dìrọ̀lẹ́, àdúgbò ti pín sí mẹ́ta lórí O kan ṣoṣo. Àwọn kan wá kí wa kú oríire, àwọn kan wá bá wa kẹ́dùn, àwọn ti télọ̀ ní ká ṣì ní sùúrù.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà padà wá síbi kànga àwọn mìíràn. Ìyá mi ò tiẹ̀ dúró wé gèlè tó fi lọ dínà mọ́ wọn. Ó kí wọn dáadáa, ó mú ọ̀gá wọn wá sídìí kànga. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi kà á. Ṣé mí ni tàbí dò?"

"Ó dára, Màmá," ni ọ̀gá wí.

"Ò dára," ni dírẹ́bà wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Èmi di ara kànga mú kí ẹ̀rín má baà gbé mi ṣubú.

"Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Dírẹ́bà ni. Àyẹ̀wò wa ti fi hàn pé omi yìí dára."

Ìyá mi ò jiyàn. Ó fa omi, ó bù ú sínú kọ́ọ̀pù tá a fi ń ṣàlejò, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fún èèyàn lómi ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin lẹ fún mi lómi lónìí. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, sà."

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó gbé e sókè, òórùn náà sì bá a nímú kí kọ́ọ̀pù tó kan ètè. Ó rọra gbé e lé etí kànga.

"Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi tán nínú ọkọ̀ ni."

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e, títí kan ìyá mi, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú ń bí mi nínú ẹ̀rín yẹn o. Ó ń ṣe mí bíi kí n da omi náà sí ọ̀gá lára, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kí n dìde.

Ìyá mi mú èédú kan nídìí ààrò, ó fa ìlà kékeré kan sórí O náà.

"Dò," ó ní. Ó wá ṣàdúrà fún wọn pé kí wọ́n délé láyọ̀.

Àmì náà kì í pẹ́, òjò máa ń fọ̀ ọ́ dànù. Bí òjò bá ti dá, ìyá mi á mú èédú, á tún fi àmì sórí O, á wá gbé korobá rẹ̀, á forí lé òkè ṣọ́ọ̀ṣì.