Àfòpiná Tó Wọ Ẹ̀wù Agbọ́n

"Agbọ́n ni àbí àfòpiná?" ni ọ̀gá mi bi mí, ó na fọ́tò kòkòrò orí irúgbìn kan sí mi, ó ti Kossodo ní ìpẹ̀kun ìlú wá. "Bàbá tó ni irúgbìn náà fẹ́ da bẹntiróò sí i kó dáná sun ún."

Iṣẹ́ mi nìyẹn ní ọ́fíìsì wa ní Koulouba, ní àárín ìlú. Àwọn èèyàn ń ya kòkòrò nínú oko, wọ́n ń fi í ránṣẹ́, èmi ń ṣa àwọn àfòpiná tó ń fò lọ́sàn-án sọ́tọ̀. Ìwo labalábá ní kókó lórí bí ìṣáná. Ti àfòpiná kò ní. Ìbàdí agbọ́n tín-ín-rín bí okùn. Ti àfòpiná nípọn, bó ti wù kó kun ara rẹ̀ ní ilà tó.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà nítorí pé inú yàrá ni. Àwọn tó pa ọkọ mi lọ́jà, ní ìhà àríwá, alùpùpù ni wọ́n gùn wá. Láti ìgbà náà, ilé àti ọ́fíìsì nìkan ni mò ń lọ.

Fọ́tò náà kò hàn kedere. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti yà á. Mo pe Bàbá Wàídì, ẹni tó ni irúgbìn, ọmọ Nàgó bíi tèmi, èdè kan náà ni a ń sọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ tún un yà."

"Kí n sún mọ́ agbọ́n? Ìyá, ẹ̀yin ẹ wá sún mọ́ ọn."

Bí mo bá ní àfòpiná ni, tó sì jẹ́ agbọ́n, agbọ́n á ta á. Bí mo bá ní agbọ́n ni, bàbá á sun oúnjẹ rẹ̀, bóyá lásán. Ọ̀gá ní kí n dáhùn pé a kò mọ̀. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọ takisí.

Ní Kossodo, bí alùpùpù bá ti ń bọ̀, mo ń fara ti ògiri títí tó fi kọjá. Bàbá Wàídì dúró lókèèrè, ó gbé ìgò bẹntiróò dání.

"Barka, ìyá, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ wo ilà ara wọn."

Mo wò wọ́n. Ìbàdí wọn nípọn. Wọ́n tẹ́ apá sílẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Mo na ìka, ọ̀kan gùn ún, ó rìn díẹ̀, ó fò lọ. Ẹ̀tù dúdú láti apá rẹ̀ ṣẹ́kù sí ìka mi. Agbọ́n kì í ní ẹ̀tù lápá.

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. "Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà mí."

"Kòkòrò yìí?"

"Alùpùpù yín tó wà níbẹ̀ yẹn ni." Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ó wá wo alùpùpù rẹ̀ tó ti gbó. "Eléyìí? Ìyá, bó bá lé èèyàn, kò lè bá a."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Nígbà tó ní òun á gbé mi padà, mo gun alùpùpù náà. Mo di ojú títí a fi dé Koulouba.

Nílé, ẹ̀tù náà ṣì wà ní ìka mi. Kò sí ẹni tí mo lè fi í hàn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá Wàídì.

Ó dáhùn pé, "Mo rí i."