Ìtumọ̀ Akitéṣọ̀n ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé

Òkèlè fùfú ni mo bá lọ́wọ́ ìyá àgbà kan nígbà tí mo padà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti mọ ọ́n róbótó, ó ku kí wọ́n fi í sí ọmọ lẹ́nu. N kò ronú kí n tó di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ dákun, Màmá, ẹ má fún un!"

"Kí ló dé? Ṣebí ìwọ náà lo ní nǹkan há a lọ́fun? Òkèlè ló máa ń ti eegun wọlé."

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo sọ kọ́ ni wọ́n gbọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìwó tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Láti Kuta ni àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Làsísì àti ìyá rẹ̀, ìyá àgbà yìí, ti gbé ọmọ Làsísì, Múínátù, wá. Ọmọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún méje, ó sì ti rù kan eegun. Omi àti ògì ṣíṣàn nìkan ló ń lọ lọ́fun rẹ̀. Bó bá jẹ nǹkan líle, á bì í.

Ará Íńdíà ni dókítà wa. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ yẹ ọmọ náà wò, ó ní, "Akitéṣọ̀n." N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹnu ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ lòun ti gbọ́ ọ: kí ọ̀nà kan nínú ara fún ju bó ṣe yẹ lọ, ìbáà jẹ́ ti oúnjẹ, ti ìtọ̀ tàbí ti ẹ̀jẹ̀. Ó ní sitẹnósíìsì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń pè é báyìí.

Làsísì ti ń wò mí lẹ́nu. "Nọ́ọ̀sì, àksídẹ́ǹtì kẹ̀? Ọmọ mi ò wọ mọ́tò rí o!"

"Àksídẹ́ǹtì kọ́. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló há."

Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì lọ gbé oògùn. Kò sí àléébù nínú Yorùbá yẹn, àbí a kì í sọ pé ọ̀nà há ni? Ṣùgbọ́n bí ọ̀fun àti há bá ti pàdé nínú ọ̀rọ̀ kan, eegun ẹja ló ń wá sọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí mo bá túmọ̀ fún ẹbí aláìsàn tán, n kì í kúrò níbẹ̀ láìbi wọ́n pé, "Kí lẹ gbọ́ pé mo sọ?" Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó bá mi ṣiṣẹ́.

Mo jókòó ti Màmá. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ló fún, bí ọrùn bùbá tí kò gba orí. Òkèlè lè sé e léèémí."

"Kí ló wá mú un fún?"

"Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti jó o nínú. Bí ojú ibi tó jó bá ń jinná, ó máa ń súnkì."

Ọṣẹ dúdú ni Màmá ń sè tà. Wọ́n wo apá ara wọn, níbi tí àpá iná ti fa awọ jọ dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n rọra gbé òkèlè náà sínú abọ́.

"Omi eérú," ni wọ́n wí. "Làsísì, ó mu omi eérú tí mo fi ń sè ọṣẹ. Ó rò pé omi lásán ni. Mo fún un lépo mu, ó dákẹ́ ẹkún, mo ṣe bí ó ti tán."

Làsísì dìde, ó jáde. Ẹ̀rù bà mí pé ariwo ló máa fi padà wọlé. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú ẹ̀."

Ìbàdàn ni dókítà kọ̀wé rán wọn lọ. Níbẹ̀, ọ̀pá rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń la ọ̀nà ọ̀fun náà. Bó bá ti gba ìyẹn, wọ́n á fi èyí tó nípọn díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi lọ tí wọ́n fi bọ̀, Màmá kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá a lọ.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì yà kí wa ní wọ́ọ̀dù. Múínátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ àkàrà gbígbóná. Gbogbo ìgbà tó bá gbé e mì ni Màmá ń gbé itọ́ mì pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ìyá àgbà, ṣé ó kù?"

"Ó kù," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí ògiri, wọ́n ń nu ojú.