Ẹ̀yìn Tí Kò Mọ Ọmọ

Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ ìyàwó mi bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn mọ ọmọ. Yóò wà nídìí iná, ọmọ yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò kàn sọ láìwẹ̀yìn pé, "Ó ti sùn." Ní ọjọ́ mìíràn, "Ara rẹ̀ fẹ́ máa gbóná. Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án wò." Bí mo bá fọwọ́ kàn án, òótọ́ ni yóò jẹ́. Olùkọ́ ni mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Agége nípa ẹ̀yà ara ènìyàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò kà á nínú ìwé kankan pé ẹ̀yìn lè mọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn yìí náà ni wọ́n wá fi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà. Wọ́n ní nǹkan yóò dẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ènìyàn. Ìyàwó mi rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di páálí. Ìdúró ni wọ́n fi ń ṣe é láti àárọ̀. Ọmọbìnrin wa, àkọ́bí, kò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Èkìtì láti máa bá wa mójú tó o. Òun ni ó tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa; Ìyá mi ni ìyàwó mi ń pè é. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ nínú ilé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Jimọ́ kan, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé páálí, kò sì lè nàró mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú un wálé, ó ṣì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ń gbálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti gún un lábẹ́rẹ́, ó ní iṣan ìbàdí ló fà, kí ó lọ sinmi. Kò sọ ohun mìíràn.

Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ìsinmi, ó ti ń dìde díẹ̀díẹ̀. Ọmọ sì ti ń sunkún ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọjọ́ Jimọ́ yẹn, kò gbà fún ẹ̀gbọ́n mi, kò gbà fún èmi. Ìyàwó mi ní kí a gbé e wá. Ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já dì í, a wọ aṣọ funfun wa, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdí orin ìyìn ni a wà tí obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá ọmọ, òjò ti rọ̀ sí yín lẹ́yìn o!"

"Òjò wo?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án! Ó ti ṣàn dé gìgísẹ̀ yín!"

Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó tún wo ọwọ́ náà.

Nígbà tí a ń jáde ni ọ̀já tú. Gbogbo ìyá ló máa ń mọ̀ kí ọ̀já tó tú; wọn á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọn á sún ọmọ sókè, wọn á tún un dì. Ìyàwó mi ń rìn lọ. Ọmọ yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé, "Ọmọ ń bọ́ o!" Ẹ̀gbọ́n mi sáré, ó gbá a mú kí ó tó kan ilẹ̀. Ìyàwó mi ṣì ń rìn. Ó yíjú padà láti wo ẹni tí wọ́n ń kígbe mọ́, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti ṣófo.

A dé ilé. Afẹ́fẹ́ gbé èéfín awọ màlúù wá láti ibi tí àwọn alápatà ti ń jó o ní Oko Ọba, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fèrèsé pa gbàgà kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, kí ni mo rí lónìí? Wọ́n gbé ọmọ kúrò lẹ́yìn rẹ, o ò mọ̀?"

"Ìyá mi, ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn tó ń dunni lèèyàn ń mọ̀ jù! Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ, tí eṣinṣin bà lé e, ṣé o ò ní mọ̀ ni?"

Mo ní kí ó jọ̀wọ́, àìsàn ni.

"Ìwọ dákẹ́. Ta lo pọ̀n rí? Ẹni tí kò bá mọ ọmọ lẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ ni kò sí lára ọmọ. Bisikíìtì ló gbé sọ́kàn."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ọjọ́ Ìsinmi náà, mo yọ́ òrí, mo fi ń ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀."

"Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi wà."

"Rárá o, òkè lẹ wà."

Mo fi ìka méjì kàn án, mo fi àyè sáàárín wọn. Mo bi í pé ìka mélòó. Ó ní ọ̀kan. Mo kan apá òsì, ó ní àárín ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó tọ́ka sí ibi tí ó ń dùn ún, kò ṣì í rárá. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, tí wọ́n wá ń fọwọ́ kàn án láti ìta.

"Ẹ jẹ́ kí Ìyá mi máa gbé e lọ sí Èkìtì."

"Gbé ta lọ?"

"Ẹ̀yìn yìí kì í ṣe tèmi mọ́. Bí mo bá sọ ọmọ nù ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ. Ó ní títí ẹ̀yìn yóò fi san ni. Ẹ̀yìn san kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró. Mo tún fi ìka méjì kàn án, ó ní méjì, kíá. A ránṣẹ́ sí Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a jẹ́ kí ọmọ gbó díẹ̀ sí i. A tún ránṣẹ́. Nígbà tí ọmọ fi padà wálé, ó ti tó ilé ìwé í lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń pè ní Màmá. Ó pe ìyàwó mi ní Àǹtí, ó sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Orúkọ náà kò yí padà mọ́. Ọlọ́run kò fún wa ní ọmọ mìíràn. Ìyàwó mi ká ọ̀já sínú àpótí, kò sì pọn ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ará àdúgbò pàápàá kì í gbé ọmọ fún un mú.

Ó kú ní èṣí. "Àǹtí mi" ni ọmọ rẹ̀ fi sunkún rẹ̀ lẹ́bàá ibojì. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti di arúgbó, jókòó láàárín àwọn tó wá kí wa, ó ní, "Èèyàn dáadáa ni o, kò kàn mọ ọmọ lẹ́yìn ni." Àwọn kan rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

Láìpẹ́ yìí mo gbé korobá omi, ìbàdí tèmi náà fà. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà, ọ̀dọ́ dókítà kan fi irin kékeré olójú méjì kan ẹ̀yìn mi, ó bi mí pé ojú ibi mélòó ni. Mo ní ọ̀kan. Ó ní méjì ni.

"Ẹ má bẹ̀rù, Bàbá. Bí ẹ̀yìn bá ń dunni gan-an, ara lè máà mọ ibi tí ọwọ́ wà mọ́. Tó bá san, ó máa padà."

"Ṣé ó lè ṣe abiyamọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí ẹni tí kò lè ṣe, Bàbá."

Bí ẹni tí ń sọ aago fúnni ló ṣe sọ ọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta fún ìgbà pípẹ́.

Ọmọbìnrin mi ni ó wá fi òrí ra ẹ̀yìn mi. Mo ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

"Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi wà, Dádì."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti kọ ọ́ síbí yìí.

"Màmá sọ fún mi pé Àǹtí ò fẹ́ràn àtimáa pọ̀n mí."

"Ó pọ̀n ẹ́. Ẹkún ẹ̀yìn rẹ̀ lo ń sun, ló fi pọ̀n ẹ́ pẹ̀lú ìrora. Ẹ̀yìn ni kò jẹ́ kó mọ̀."

Mo dojú bolẹ̀, mo ń retí kí ó pè é ní ìyá òun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan lẹ́yìn mi, n kò sì lè mọ ojú ibi tí ó wà.